Ọwọ́ irin abẹ́ ìbọn kọ́ ló ń fún un lágbára

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín láti Oǹdó ní ìbọn afẹ́fẹ́ tó ní ọwọ́ irin lábẹ́ lágbára ju èyí tí à ń ṣẹ́ lọ́rùn lọ, torí pé ọ̀pá tirẹ̀ kì í mì. Òótọ́ ni pé kì í mì. Ti agbára yẹn ni mi ò gbà. Nínú àwọn ìbọn afẹ́fẹ́ (ẹ́ágọ̀ọ̀nù) àtijọ́ tó kù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó ní agbègbè Àkúrẹ́, sípíríǹgì àti písítìnì ló ń ti afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Bí a ṣe ń ki ọta ló ń pinnu iye afẹ́fẹ́ tó máa ráyè bá ọta dé inú ọ̀pá.

Ẹ wo Diana 27 ti Jámánì. Ẹ ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀, sípíríǹgì á ká, ẹ ó fi àtàǹpàkò ti ọta sí ìdí ọ̀pá gan-an, ẹ ó dá a padà. Kí afẹ́fẹ́ tó dé, ọta ti wà ní àyè rẹ̀. Oríkèé ni àléébù rẹ̀: tó bá ti jẹ, ibi tí ẹ fojú sùn kọ́ lẹ máa bà.

Iléeṣẹ́ BSA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1905 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí Lincoln Jeffries, oníbọn ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀: ọ̀pá kì í yẹ̀, ọwọ́ irin abẹ́ ni wọ́n ń fà, ọta sì ń wọ inú irin róbótó kan tó ń yí bíi ti ẹ̀rọ omi. Webley Mark 3, ìbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, náà rí bẹ́ẹ̀. Irin róbótó ti Airsporter, èyí tí BSA gbé jáde ní 1948, tiẹ̀ máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti fa ọwọ́ irin. Ó wu èèyàn, mi ò jiyàn! Ṣùgbọ́n irin róbótó ni ọta ń dúró sí, kì í ṣe ọ̀pá. Afẹ́fẹ́ ní láti kọ́kọ́ tì í kọjá níbẹ̀. Bí ọta ò bá wọlé tán, irin á fọ́ ìdí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń pa á dé. Bí irin bá sì ti jẹ, afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ awọ lè gé awọ písítìnì tuntun fún yín. Irin róbótó tó máa bá ihò yẹn mu ńkọ́? Ta ló máa rọ ọ́?

Awọ písítìnì yẹn ń fẹ́ òróró díẹ̀ lásìkò ọyẹ́, àmọ́ kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì. Èéfín àti ariwo tí àwọn kan ń pè ní agbára, epo tó ń gbaná nínú ìbọn ni.

Fún ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń jẹ kòkó, èyí tí à ń ṣẹ́ lọ́rùn ni tèmi, kí ọta rẹ̀ jẹ́ 5.5 mm, torí ó wúwo ju 4.5 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀pá tí kì í yẹ̀, tó tún fẹ́ kí ọta wọ ọ̀pá tààrà, kó wá HW77 tí iléeṣẹ́ Weihrauch ti Jámánì gbé jáde ní 1983, kó sì di ọwọ́ irin rẹ̀ mú títí ìka rẹ̀ á fi kúrò níbi tí ọta ń gbà wọlé.

Ti pé kí èèyàn kàn rà á láìgbàwé, ẹ má dán an wò. Òfin ohun ìjà ti 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá irin róbótó ṣì dára kí ẹ tó sanwó, ẹ ki ọta, ẹ gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé irin náà lórí, ẹ kọjú ìbọn sí ebè, kí ẹ yìn ín. Bí bébà bá fò, ẹ mú owó yín relé.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́