Lẹ́tà sí Bàbá ní Abẹ́òkúta: ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Black Joke

London

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ńkọ́? Mo gbọ́ pé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti lọlẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n jọ̀ọ́ lo oògùn tí mo fi ránṣẹ́, kí wọ́n má tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú àpótí bíi ti èṣí.

Ẹ bi mí lórí fóònù nípa irú ọkọ̀ tó gba àwọn baba ńlá wa sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú, tí wọ́n fi dé Sàró (Sierra Leone). N ò tíì rí orúkọ baba ńlá wa níbì kankan, n ò sì ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín, Black Joke.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ ràgàjì ni o. Ọkọ̀ onígbòkun kékeré ni, òpó méjì, ìbọn àgbá méjì péré. Ọkọ̀ ẹrú gan-an ni tẹ́lẹ̀. Henriquetta ni wọ́n ń pè é nígbà tó ń kó èèyàn lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Ní oṣù kẹsàn-án 1827 ni Sybille, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú un, tòun ti èèyàn 569 nínú rẹ̀. Àwọn Òyìnbó rí i pé eré rẹ̀ ju ti ọkọ̀ tiwọn lọ, ni wọ́n bá rà á, wọ́n sọ ọ́ di ọdẹ tó ń lé ọkọ̀ ẹrú, wọ́n sì pè é ní Black Joke. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́: olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì 1829, Lieutenant Henry Downes, ọ̀gá Black Joke, fi í lé ọkọ̀ ẹrú àwọn ará Spéìn kan, El Almirante, tó ní ìbọn 14. Odindi wákàtí 31! Atẹ́gùn kú, ìgbòkun rọ̀ jọwọrọ, làwọn atukọ̀ bá kó àjẹ̀ gígùn jáde, wọ́n ń wà á nínú ooru. Nígbà tí wọ́n bá a, ìbọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá El Almirante kú sójú ìjà, ọkọ̀ rẹ̀ túúbá. Èèyàn 466 ló wà nísàlẹ̀ nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń gbọ́ ìró ìbọn, tí wọn ò mọ̀ bóyá ẹni tó ń lé wọn bọ̀ sàn ju ẹni tó ń gbé wọn sá lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa ṣàdúrà fún àwọn Òyìnbó yẹn. Ó dáa, ṣùgbọ́n owó wà nínú ẹ̀: pọ́n-ùn 10 ni ìjọba wọn ń san nígbà náà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà sílẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún 1832, igi ọkọ̀ náà ti jẹrà, wọ́n sì dáná sun ún ní Freetown, olú ìlú Sàró.

Bàbá, ohun tí mo ń wá rèé. Wọ́n kọ orúkọ àbísọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú ìwé ní Freetown, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga, àti ilà tàbí àpá ara wọn. Orúkọ Òyìnbó tí à ń jẹ́ kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ bá mi bi àwọn àgbà ilé, ní pàtàkì Ìyá Àgbà, kí ni orúkọ àbísọ baba ńlá wa, irú ilà wo ló sì kọ. Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi gbohùn wọn sórí fóònù bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́.

Owó ilé ìwé rẹ̀ á wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ọmọ yín,
Adéwálé