Kí o tó to orúkọ wọn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú wàhálà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà tí o fẹ́ ti lọ kọ́ṣẹ́ dọ́kítà pàjáwìrì o. Inú mi dùn pé o ò fi ẹ̀ka pàjáwìrì sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa. Lóòótọ́, àyè tó lé ní 550 ló kọ́kọ́ ṣófo fún ẹ̀ka wa lọ́dún 2023 nínú Match, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń pín àwọn dọ́kítà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti máa kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ìbẹ̀rù pé iṣẹ́ á wọ́n sì wà lára ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n aláìsàn ò yéé wọlé.

O béèrè: ibi tí wọ́n ti ń fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ ni, àbí ti mẹ́rin? Mẹ́ta tó, àyàfi tí ti ọlọ́dún mẹ́rin bá ní ohun kan tí o ò lè rí níbòmíràn.

Ìwé aláràbarà tí o ní wọ́n fún ọ, tí oríṣiríṣi àwọ̀ èèyàn ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Àwòrán kọ́ lo máa bá ṣiṣẹ́ lóru. Tó bá ku ìwọ àtàwọn resident, ìyẹn àwọn dọ́kítà tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, nìkan, bi wọ́n léèrè: nínú àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n gbà, ta ló parí, ta ló fi í sílẹ̀? Ta ni wọ́n fi ṣe chief, olórí àwọn resident? Bí aláìsàn bá bú dọ́kítà nítorí àwọ̀ rẹ̀, kí ni ọ̀gá ń ṣe? Ṣé ògbufọ̀ wà lóru, àbí ọmọ kékeré ló ń túmọ̀ àìsàn ìyá rẹ̀? Tí wọ́n bá kọ́kọ́ wo ojú ara wọn, o ti gbọ́ ìdáhùn nìyẹn.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni irú ìbéèrè yìí. Kì í ṣe òṣèlú rárá. Wọ́n gbé bàbá adúláwọ̀ kan wọlé lóru ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ tí a há mọ́ ọn níka ní ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 94 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí kò dà bí ewu lójú wa, la bá ní kó jókòó dè wá. Bàbá yìí ò sì lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kó tó mí. Ọ̀gá wa kan, adúláwọ̀ lòun náà, ló ní ká fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Ọ́síjìn ti já wálẹ̀ pátápátá! Ìwádìí kan sì ti fi hàn lọ́dún 2020 pé irú àṣìṣe ẹ̀rọ yìí ń ṣẹlẹ̀ sí adúláwọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Mi ò ní òyìnbó ò lè mọ̀ ọ́n o. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la wà níbẹ̀, òun nìkan ló fura.

Má gbàgbé ọ̀rọ̀ físà: àwọn ilé ìwòsàn kan ò gbà ju J-1 (físà ẹni tó wá kọ́ṣẹ́) lọ, H-1B (físà òṣìṣẹ́) sì ń fẹ́ kí o ti yege Step 3, èyí tó kẹ́yìn nínú ìdánwò ìwé àṣẹ dọ́kítà ní Amẹ́ríkà.

Tó bá wá di títo orúkọ àwọn ilé ìwòsàn fún Match, bí ọkàn rẹ ṣe fẹ́ wọn ni kí o tò wọ́n, má rò ó pé ta ló máa gbà ọ́. Ohun tí ìwọ fẹ́ ni kọ̀ǹpútà Match kọ́kọ́ ń tẹ̀ lé. Fi àwọn tó wà lókè ránṣẹ́ sí mi kí o tó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo mọ ẹni tí mo lè bi nípa wọn.

Èmi ni tìrẹ,
Dàpọ̀