Wáàtì orí páálí: ẹni tó kọ ọ́ ni kó fi hàn

Sí Olóòtú,

Bí èèyàn bá rìn láti Dùgbẹ̀ dé Ògùnpa, 5,000 wáàtì, 10,000 wáàtì ni yóò máa kà lára páálí ampilifáyà. PMPO ni wọ́n ń pe ìṣirò yẹn. Kò ní òdiwọ̀n kan tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí. Bó ṣe wu ilé-iṣẹ́ ló ń kà á. RMS ló yẹ ká máa béèrè: agbára tí ẹ̀rọ lè gbé láìsinmi títí òde yóò fi tú.

Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà síta. Nọ́ńbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé fíúùsì. Bó bá jẹ́ 3A (áńpíà mẹ́ta), ẹ sọ 230, tí í ṣe fóòtì iná ilé wa, di ìlọ́po 3: 690 wáàtì. Iná tó lè máa wọlé lemọ́lemọ́ tí fíúùsì kò fi ní já kò jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Nínú ampilifáyà tó wúwo, tó ní tiransifọ́mà ńlá nínú, bí ìdajì rẹ̀ ló ń bá ooru lọ; ìdí nìyẹn tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń gbóná. Níbo wá ni 10,000 gbà wọlé?

Ẹni tó gba páálí gbọ́ á gbé e lọ sábẹ́ kánópì. Ohùn kò kárí, ó yí fólúùmù dópin. Agbára ẹ̀rọ tán, orí ìgbì ohùn gé pẹrẹsẹ, ohùn ń ha, wáyà tín-ín-rín inú túwítà, spíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde, jóná. Bó bá gbé e padà, wọ́n á ní iná NEPA ló ga jù. Ó ń dùn wá gan-an, torí owó àjọ ni ẹlòmíì fi rà á.

Ẹ ṣọ́ra fún ìfiwéra inú ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n lè yí fólúùmù èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù sókè díẹ̀, etí á sì gbà pé òun ló dára jù. Kí wọ́n so ampilifáyà méjèèjì mọ́ irú spíkà kan náà, kí wọ́n fi ohùn kan tí kì í yí padà sí i, kí míítà ka fóòtì kan náà lẹ́nu méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orin sí i, ẹ dijú, kí ẹlòmíì máa pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án, ẹ má fowó kún owó.

Òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 ti ka irọ́ nípa ọjà léèwọ̀. Kí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, mú kí wọ́n máa kọ wáàtì RMS àti iye ohm (òdiwọ̀n ìdènà iná spíkà) tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n sórí rìsíìtì. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra oscilloscope kan, ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán ìgbì hàn, àti rẹ́sísítọ̀ 8 ohm tó lè gba ooru, tí yóò dúró fún spíkà. Bí fóòtì RMS (kì í ṣe ti ṣóńṣó ìgbì) bá dé 20 kí orí ìgbì tó gé, 20 lọ́nà 20, ẹ pín in sí 8: 50 wáàtì ni. Kí olùtajà kọ 50 sí i.

Àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn