Kọ Orúkọ Wọn Kí O Tó Dìde

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ pé ara rẹ le ní Ẹdẹ, tí àwọn àgbà ibẹ̀ sì ń dá ọ lóhùn. Àmọ́ lórí fóònù lánàá, o ní ó di ìgbà tí o bá kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ tán kí o tó to àwọn ìwé àti àwọn ènìyàn tí o gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Jọ̀ọ́, má dúró dìgbà yẹn.

Nígbà tí mo ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá tèmi lórí adìrẹ, ìyá aláró kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, fi odidi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ mi. Wọ́n jẹ́ kí n rí bí wọ́n ṣe ń fi omi eérú rẹ èlú, wọ́n ní kí n fi imú mọ ìgbà tí aró bá jinná. Ohun tí mo kọ ni pé “ìyá àgbà kan ní Ìtòkú sọ pé.” Mo rò pé ìyẹn ti tó. Nígbà tí mo padà lọ kí wọn, wọ́n ti papòdà, n kò sì mọ orúkọ tí mo lè fi béèrè ilé wọn. Ìmọ̀ wọn ló kún inú ìwé náà, orúkọ tèmi ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń dùn mí di òní.

Wo Samuel Johnson. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù mọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ ló fi àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ, 1921 ló tó jáde. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn, orúkọ àwọn tó pìtàn fún un kò sọnù. Ṣí ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀: àwọn arọ́kin, ìyẹn àwọn apìtàn ààfin Ọ̀yọ́, wà níbẹ̀, David Kukomi ti Ìbàdàn wà níbẹ̀, Lágúnjú Tìmì Ẹdẹ náà wà níbẹ̀. Tìmì ìlú tí o wà yìí!

Nítorí náà, kí o tó dìde níwájú ẹnikẹ́ni, bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí o dárúkọ àwọn. Bí wọ́n bá gbà, kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí o kọ iṣẹ́ tàbí oyè wọn, ọjọ́ orí, àdúgbò, àti ọjọ́ tí ẹ sọ̀rọ̀. Ti ìwé kò le: òǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé, ilé ìtẹ̀wé, ojú ìwé. Bó bá jẹ́ inú ìwé ẹlòmíràn lo ti bá ọ̀rọ̀ Johnson pàdé, sọ bẹ́ẹ̀, má ṣe bí ẹni tó ti ka Johnson.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù bá òun to ìwé ìtọ́kasí, kìlọ̀ fún un. Ẹ̀rọ yẹn a máa hun àkọlé ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí, a sì fi ọdún àti òǹkọ̀wé sí i. Èyí tí ojú rẹ kò bá rí, yọ ọ́ kúrò.

Bá mi kí màmá tó gbà ọ́ sílé. O ò tíì sọ orúkọ wọn fún mi.

Ìyá rẹ