Kónílé-Ó-Gbélé Nílùú Onílùú Kì Í Ṣe Ìsinmi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà kan nínú ìwé ìròyìn yín, nínú èyí tí òǹkàwé kan ti sọ pé ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, ńṣe ni àwa tí a wà lókè òkun ń gbowó ìjọba lórí ìjókòó, tí a ń sinmi, nígbà tí àwọn tó wà nílé ń forí ṣe fọrùn ṣe. N kò bínú sí ẹni tó kọ ọ́. Ohun tí ènìyàn kò bá fojú ara rẹ̀ rí, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í sọ bí nǹkan ṣe rí lọ́hùn-ún fún ará ilé. Àmọ́ ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ni mo wà lákòókò náà, tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, mo sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ bí ọjọ́ ṣe ń ṣú tí ilẹ̀ sì ń mọ́ fún àjèjì tí òfin ká mọ́ ìlú onílùú. Àrùn náà bà wá lẹ́rù, owó sì wọ́n wa, ṣùgbọ́n ohun tó fìyà jẹ wá jù lọ ni ọ̀rọ̀ ìwé.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yanjú ti owó. Òótọ́ ni pé ìjọba Faransé san owó fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ dá dúró. Ẹni tó ní ìwé àdéhùn ń rí nǹkan bí ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń mú lọ sílé tẹ́lẹ̀. Òfin ilẹ̀ náà gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 964 lọ́dún, ilé oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ wa sì ti ń ṣe é, tí a ń fọ abọ́, tí a ń nu tábìlì. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà, ìjọba ti gbogbo ilé oúnjẹ àti ilé kọfí pa, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ti yẹ rí nǹkan gbà. Ẹni tí wọ́n ń ka owó lé lọ́wọ́ lálẹ́ Sátidé, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan, kò rí ẹni tí yóò bá sọ ọ́. Ọ̀gá tèmi kò tilẹ̀ gbé ìpè mi mọ́. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé ṣe ìṣirò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́ sílé dín kù ní nǹkan bí ìdá 27.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2020. Mo gbà pé apá kan nínú rẹ̀ lè jẹ́ owó tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé, tí ẹnikẹ́ni kò kà, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìjókòó la fi ń gbowó, ara ilé ì bá ti rí i.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìwé. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Ẹrẹ́nà, Ààrẹ Emmanuel Macron bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà pé ogun ni àwọn ń jà, nígbà tó sì di ọ̀sán gangan ọjọ́ kejì, òfin kónílé-ó-gbélé ti múlẹ̀. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ 11 oṣù Ẹ̀bìbí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọjú síta láìmú fọ́ọ̀mù kan dání, nínú èyí tí yóò ti kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i, ìlú tí wọ́n ti bí i àti ibi tó ń gbé, tí yóò sì sàmì sí ìdí tó fi jáde: iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe nílé, ọjà tó pọn dandan, ọ̀rọ̀ ìlera, ọ̀ràn ẹbí tí kò ṣeé sún síwájú, tàbí kí ó kàn na ẹsẹ̀ nítòsí ilé. Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n tún fún un le sí i: ẹni tó fẹ́ na ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ju wákàtí kan lọ, kò gbọ́dọ̀ jìnnà sílé ju kìlómítà kan, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, kí ó sì kọ aago tó jáde sínú fọ́ọ̀mù. Owó ìtanràn ẹni tí kò ní in jẹ́ 135 yúrò. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lè rí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà he, pẹ̀lú 3,750 yúrò.

Kí oṣù Igbe tó wọ ọjọ́ kẹfà, wọn kì í gba fọ́ọ̀mù orí fóònù. Yálà kí o tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ẹ̀rọ, tàbí kí o fọwọ́ dà á kọ látòkèdélẹ̀. Yunifásítì ti tìlẹ̀kùn, àwọn tó ń ṣe fọ́tókópì ní ìgboro ti kógbá wọlé, nítorí náà ọwọ́ la fi ń kọ ọ́. Mo máa ń fi fóònù ti ara ife níwájú mi, màá fa ojú ìwé kan ya nínú ìwé ìkọ̀wé mi, màá sì máa da gbogbo rẹ̀ kọ, títí kan nọ́ńbà òfin tó wà lábẹ́ àkọlé rẹ̀, ní èdè tí n kò tíì gbọ́ tó láti mọ̀ bóyá mo ti fo ìlà kan. Àwọn kan ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ àti aago kí wọ́n lè pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Èmi kò dán an wò, nítorí pé ohun tí wọn yóò fi bá ọmọ onílé ṣàwàdà lè di ẹjọ́ sí àjèjì lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kan, ọlọ́pàá kan dá mi dúró lẹ́sẹ̀ afárá kan lórí odò Rhône. Kò fọwọ́ kan ìwé náà nítorí àrùn. Èmi ni mo nà án sókè sí i láti òkèèrè, tí afẹ́fẹ́ odò ń gbá a, tí mo fi ọwọ́ kejì di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Ó rọra kà á, ó wo aago tí mo kọ, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wá ní kí n mú ìwé ìgbélùú mi wá. Kò béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin tó ń fa ajá lọ níwájú mi, tí òun náà di fọ́ọ̀mù mú. Ìwé mi pé, ó sì ní kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ ra oògùn orí fífọ́ lásán, ìwé ni mo kọ́kọ́ ń kó sápò kí n tó rántí owó.

Èyí tó tún wá le jù ni ti ìwé ìgbélùú fúnra rẹ̀. Káàdì ọ̀pọ̀ wa fẹ́ parí láàárín oṣù Ẹrẹ́nà sí Ẹ̀bìbí, àwọn ọ́fíìsì tó ń sọ ọ́ di ọ̀tun kò sì gba àlejò mọ́. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, ìjọba Faransé kò gbàgbé wa níbẹ̀: òfin tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà fi oṣù mẹ́ta kún gbogbo ìwé ìgbélùú tó bá parí láàárín ọjọ́ 16 oṣù náà sí ọjọ́ 15 oṣù Ẹ̀bìbí, wọ́n sì tún sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà nígbà tó yá. Pọ́túgàlì tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà kan náà, wọ́n ní kí gbogbo àjèjì tó ti kọ̀wé béèrè fún ìwé ìgbélùú, tí wọn kò tíì dá lóhùn, máa rí ìtọ́jú àti ìrànwọ́ gbà bí ẹni tó ti ní in lọ́wọ́, títí dé ìparí oṣù Òkúdù. Ohun tí wọ́n gbàgbé ní Faransé ni pé òfin wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tó ti kọjá ló sì wà lórí káàdì. Òṣìṣẹ́ báńkì kò mọ nǹkan kan nípa òfin ọjọ́ 25, ọjọ́ ara káàdì ló ń wò. Mo mọ ẹni tí báńkì rẹ̀ dí àkáǹtì rẹ̀ pa nítorí èyí. Ó tẹ òfin náà ránṣẹ́ sí wọn, ó tún tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, wọ́n ní kí ó mú káàdì tuntun wá sí báńkì, níbi tí wọ́n ti tìlẹ̀kùn.

Ilé gbígbé kò fi bẹ́ẹ̀ gba àlàyé. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Faransé ti palẹ̀ mọ́ lọ bá òbí wọn, ó wá ku àwa àjèjì nínú ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, kálukú nínú yàrá tí kò ju mítà mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóròó. Orí ibùsùn ni kíláàsì, ibẹ̀ náà ni tábìlì oúnjẹ. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo àdúgbò á ṣí fèrèsé, wọn á máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, àwa náà á sì bá wọn pa á, ó sì máa ń dùn mọ́ mi, nítorí pé lọ́jọ́ mìíràn, ìgbà yẹn nìkan ni mo máa ń rí ojú ènìyàn. Títí di òpin oṣù Ẹrẹ́nà, aago Faransé àti ti Nàìjíríà kò yàtọ̀, àfi ìgbà tí wọ́n sún tiwọn síwájú ní ọjọ́ 29 tí màmá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi lójú oorun. Wọn kì í béèrè nípa àrùn. “Gbé fóònù náà sẹ́yìn díẹ̀, kí n rí ọrùn rẹ,” ni wọ́n máa ń wí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo ti rù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti àìsàn. Àṣẹ ìjọba ni pé ẹni tó bá ní ibà àti ikọ́ kò gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, kí ó pe dókítà rẹ̀, bí mímí bá sì ń ṣòro, kí ó pe nọ́ńbà 15, ìyẹn nọ́ńbà ìtọ́jú pàjáwìrì. Ó rọrùn fún ẹni tó gbọ́ èdè. Ọmọbìnrin ará Vietnam kan nínú yàrá kejì sí tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sì mọ bí yóò ṣe ṣàlàyé lórí fóònù pé àyà rẹ̀ ń fún. Ó kọ ohun tó ń ṣe é sórí ìwé, ó tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn síta, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Sẹ̀nẹ̀gàl, tó gbọ́ Faransé jù wá lọ, mú un, ó dúró lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kà á fún wọn ní nọ́ńbà 15, wọ́n ń béèrè, ó ń pariwo ìbéèrè náà gba ara ilẹ̀kùn, ọmọbìnrin náà ń kọ èsì, ó ń tì í jáde. Ara rẹ̀ yá lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ẹni tó ń dá gbé kà á? (Ti ìbòmú nìkan, n kò ní fi gùn yín: àwọn kan náà tó ní aráàlú kò nílò rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà ló wá ń gba 135 yúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì láìlò ó nígbà tó di oṣù Ẹ̀bìbí.)

Bàbá ọ̀rẹ́ mi kan kú nílé ní oṣù Igbe. Nàìjíríà ti ti pápákọ̀ òfurufú rẹ̀ mọ́ bàlúù ilẹ̀ òkèèrè láti ọjọ́ 23 oṣù Ẹrẹ́nà, kò sì ṣí i padà títí di ọjọ́ 5 oṣù Owewe. Èkó, Ògùn àti Àbújá fúnra wọn wà ní títì láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà. Bàlúù tí ìjọba kọ́kọ́ fi kó àwọn ọmọ wa padà gbéra láti Dubai ní ọjọ́ 6 oṣù Ẹ̀bìbí, ti London tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 8, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ló sì ń san owó rẹ̀, tí yóò tún fi ọ̀sẹ̀ méjì dá wà nígbà tó bá dé. Orí fóònù ni ọ̀rẹ́ mi ti wo bí wọ́n ṣe sin bàbá rẹ̀. A kò lè wọ yàrá rẹ̀ lọ tù ú nínú. Ẹnu ọ̀nà la ń dúró sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ń kí i láti ibẹ̀.

Ní oṣù Ṣẹrẹ 2021, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ìlà gígùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́, ìjọba Faransé dá oúnjẹ yúrò kan sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, àjèjì pẹ̀lú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń sinmi kì í tò fún oúnjẹ ọ̀fẹ́ nínú òtútù, mo sì fẹ́ kí ẹni tó kọ lẹ́tà ìṣáájú fi ìyẹn kún ìṣirò rẹ̀.

Olóòtú, ẹ ní ẹnu lọ́dọ̀ àwọn tí a kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè bóyá wọ́n ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ báyìí, tàbí ó di ọjọ́ tí wàhálà bá tún dé kí wọ́n tó máa pín fọ́ọ̀mù kiri orí WhatsApp. Ẹ tún bi wọ́n bóyá aṣojú wa nílùú kan lè kọ ìwé olójú kan, ní èdè ìlú náà, tí ọmọ wa lè fi han báńkì tàbí onílé pé òfin ti fi oṣù kún ìwé ìgbélùú rẹ̀. Èsì yòówù tí wọ́n bá fún yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kódà bí èsì náà bá jẹ́ pé wọn kò ní àkọsílẹ̀ kankan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan tó ti gbé Lyon rí