Ẹ̀sùn: Gọ́ọ̀mù tí ẹ fi sílẹ̀ lára ọkọ̀ mi, àti òṣìṣẹ́ yín tó gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí, torí gbogbo ìgbà tí mo bá pè ni wọ́n máa ń sọ fún mi pé ọwọ́ yín dí. Lẹ́tà kẹrin rèé. Mẹ́ta àkọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ yín, nọ́ńbà rísíìtì mi wà lára gbogbo wọn, fọ́tò sì wà nínú èkejì, nítorí náà mi ò ní máa ro ẹjọ́ ọkọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣáà ní àkọsílẹ̀. Tí ẹ bá sì ti sọ ọ́ nù, á jẹ́ pé ẹ̀sùn mi ti di méjì nìyẹn.

Iṣẹ́ tí mo gbé fún yín kò ṣàjèjì sí yín. Náílọ́ọ̀nù tó ń dáàbò bo ọ̀dà bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbó, ó ti sán wẹ́wẹ́. Ẹ ní ẹ ó ṣí i, ẹ ó nu gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì dán ọ̀dà náà. Náílọ́ọ̀nù lọ lóòótọ́. Gọ́ọ̀mù jókòó síbẹ̀ ní ìlà-ìlà, eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn, àti ní apá òsì, kílíà orí ọ̀dà, ìyẹn ìpele tí kò láwọ̀ tó ń dáàbò bo ọ̀dà, ti bá náílọ́ọ̀nù lọ, ibẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

Mi ò bínú lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi bẹ̀ mí, ó ní kí n fún àwọn ní ọjọ́ méjì péré, ẹnì kan á pè mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ sílé. Mo ṣì ń retí ẹni náà títí di òní.

Nígbà tí mo padà wá, ẹ ní ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kò sí nílé. Mo tún wá, ó wà nílé, ṣùgbọ́n máńéjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé. Mo wá lẹ́ẹ̀kẹta, máńéjà ti lọ fún ìsinmi. Ìgbà kẹrin ni ẹ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, inú mi sì dùn, mo rò pé ó ti parí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí mo wá gbé e, ẹ ti fọ̀ ọ́. Fífọ̀ lásán! Ọkọ̀ mi mọ́ tónítóní, gọ́ọ̀mù náà pàápàá ń dán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ gbé bírò lónìí. Ọ̀rọ̀ obìnrin tó gbé fóònù ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀dùn oníbàárà ni. Mo kí i dáadáa. Mo ṣàlàyé. Ó mí kanlẹ̀, bíi pé èmi ni mo lọ lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ ọn lára, ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé nítorí gọ́ọ̀mù lásán lẹ ṣe ń dààmú wa báyìí? Ẹ ra abẹ, kí ẹ fá a nílé yín." Abẹ! Orí ni mo mọ̀ pé wọ́n ń fi abẹ fá, mi ò tíì gbọ́ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo rọra sọ fún un pé kílíà tó wà lórí ọ̀dà ọkọ̀ kò nípọn tó ewé ìwé kan, pé irin kì í kan án lásán kó má fi ojú àpá sílẹ̀. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ," ló bá gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu.

Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù, pé ẹ ń gba ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ kí iṣẹ́ yín lè túbọ̀ dára. Ẹ gbọ́ ọ, kó dára.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, máńéjà yín tó ti ìsinmi dé kọ̀wé sí mi. Ó ní wàráńtì iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ torí pé oníbàárà ti fọwọ́ kan ojú ibẹ̀. Ẹni kan nínú yín ní kí n lọ fá a. Ẹnì kejì ní mo jẹ̀bi torí mo fá a. Mi ò sì fá nǹkan kan! Abẹ ò wọ ọwọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ lọ fẹnu kò síbì kan kí ẹ tó kọjú sí mi.

Nígbà tí mo fèsì bẹ́ẹ̀, àwáwí yí padà. Ó di pé wọ́n ti tún bọ́nẹ́ẹ̀tì mi kùn rí, ìdí nìyẹn tí kílíà fi ṣí. Èmi ni mo ra ọkọ̀ yìí ní tuntun, kò sí ẹni tó kùn ún rí. Ká tiẹ̀ ní wọ́n kùn ún: ẹ mọ̀ pé ọ̀dà àtúnkùn kì í sábà di ara ọkọ̀ mú bíi ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó sì wà lórí tábìlì yín, mo fi ojú ara mi rí i. Kí ló dé tí ẹ ò fi wọ̀n ọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Kí ló dé tó fi jẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan bàjẹ́ tán lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo iṣẹ́?

Mi ò kọ́ṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n wàhálà yìí ti sọ mí di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tipátipá. Mo ti wá mọ̀ pé ooru ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún náílọ́ọ̀nù tó ti gbó kó lè rọ̀, pé wọ́n á wá máa ká a padà sórí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn kì í fà á sókè. Gọ́ọ̀mù tó bá kù, wọ́n á fi oògùn tó ń yọ gọ́ọ̀mù rin ín, wọ́n á dúró kó jẹ ẹ́, kí wọ́n tó fi aṣọ tó rọ̀ nù ún. Láti ojú wíńdò yàrá tí ẹ fi mí sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rí ọmọ yín tó ń fà á ní tútù, fàà, fàà, bí ẹni ń bó awọ ewúrẹ́. Mo rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe ni. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà.

Nínú lẹ́tà kìíní, gbogbo ohun tí mo béèrè ni pé kí ẹ nu gọ́ọ̀mù. Nínú èkejì, mo fi kílíà kún un. Nínú ẹ̀kẹta, mo bẹ̀bẹ̀, ojú sì ń tì mí nígbà tí mo bá tún un kà. Mi ò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Mi ò tún fẹ́ kí ọwọ́ yín kan ọkọ̀ náà. Gbogbo owó tí mo san fún iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ gbà padà, kí ẹ sì san owó ẹni tí yóò tún bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ṣe níbòmíì. Mo tún fẹ́ ìwé ìtọrọ-àforíjì tí obìnrin yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kì í ṣe èyí tí ẹ ti tẹ̀ sílẹ̀ tí ẹ kàn ń pààrọ̀ orúkọ sí.

Ọjọ́ 14 ni mo fún yín, láti ọjọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, fọ́tò, rísíìtì, lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ìwé máńéjà yín yóò lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, àwa méjèèjì yóò sì pàdé ní kóòtù. Mo ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Òun gbé fóònù nígbà àkọ́kọ́ tí mo pè é.

Ẹ má tún fi fífọ̀ ọ̀fẹ́ lọ̀ mí o. Nọ́ńbà mi kò yí padà, èyí tí ẹ ṣèlérí láti pè lọ́jọ́ kìíní náà ni.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, títí owó mi yóò fi padà