Lẹ́tà sí gómìnà Báńkì Biafra: pọ́ùn kan tí ẹ fọwọ́ sí

Ọ̀gá mi, Dókítà Sylvester Ugoh,

Ẹ ò mọ̀ mí rí. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn ni mí. Ìyá àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa; lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ wá, kí n ṣírò ohun tó kù fún wọn. Ìyá náà ti kú. Bí mo ṣe ṣí ìwé náà, pọ́ùn kan ti Báńkì Biafra já bọ́ sórí tábìlì. Wọ́n ti ká a sí mẹ́rin, ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti fẹ́ẹ̀ ya. Igi ọ̀pẹ wà lára rẹ̀, oòrùn ń yọ, ìfọwọ́sí yín náà sì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ò mọ ohun tó jẹ́. Èmi mọ̀ ọ́n: owó tí apá ìlà oòrùn tẹ̀ nígbà tó ya kúrò lára Nàìjíríà, tí ogun abẹ́lé ń lọ.

Mo mọ bí iṣẹ́ yín ṣe le tó. Òfin kẹta ọdún 1967 ló dá báńkì náà sílẹ̀, gómìnà kan àti olùdarí mẹ́rin. Lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Enugu, olú ìlú yín, ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Owó Nàìjíríà ni ará ìlú yín ṣì ń ná lákòókò yẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀fìn wà: ẹni tí ẹ ń bá jagun ló ń tẹ owó tó wà lápò yín, ìgbàkígbà tó bá wù ú, ó lè ní kò dára mọ́. Ó sì ṣe é. Ọjọ́ 3, oṣù Kìíní, 1968, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ owó. Ọjọ́ 22, ó ti parí. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó, òun fúnra rẹ̀ sì sọ lẹ́yìn ogun pé kí ẹ má baà rí owó ra nǹkan ìjà lòun ṣe ṣe é.

Kí ni gómìnà báńkì máa ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí òkun ti dí, tí ojú ọ̀nà dí? Ẹ ní láti gba owó àtijọ́ jọ lọ́wọ́ ará ìlú, ẹ kà á, ẹ dì í, ẹ gbé e gba òfuurufú jáde, ẹ wá ẹni tó máa rà á nílẹ̀ òkèèrè kí gbèdéke tó pé. Ẹni tó ń rà á náà sì mọ̀ pé ọjà tó ń kú lọ lẹ ń tà, iye tó bá wù ú ló máa dá lé e. Ọjọ́ 29 oṣù yẹn ni owó tiyín jáde. Ọjọ́ méje ti kọjá lórí gbèdéke.

Oríṣi méjì péré ni: ṣílè márùn-ún àti pọ́ùn kan. Owó ẹyọ tiyín, èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, ó di ọdún 1969 kó tó jáde. Ẹ ro ti ẹni tó fẹ́ fi pọ́ùn kan ra ata. Níbo ni ṣéńjì máa ti wá? Owó tí a kò lè ṣẹ́ kì í pẹ́ sọ ara rẹ̀ di ẹrù lọ́wọ́ ẹni.

Ṣùgbọ́n ohun tó pa owó náà kì í ṣe ṣéńjì. Port Harcourt lọ lóṣù Karùn-ún 1968. Ilẹ̀ ń súnkì, oúnjẹ ń súnkì, owó oṣù sì gbọ́dọ̀ jáde fún ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ sí i. Nígbà tó yá, pọ́ùn márùn-ún àti pọ́ùn mẹ́wàá jáde. Bí wọ́n bá mú owó ńlá jáde níbi tí ebi ti ń pa ọmọdé, kò sí ìyá ọlọ́jà tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣe “afia attack”, tí wọ́n ń yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá ojú ogun lọ ra iyọ̀, owó Nàìjíríà ni wọ́n ń wá, nítorí lódì kejì, bébà lásán ni ìfọwọ́sí yín. Ibi kan wà tí mo ti yìn yín: ẹ jẹ́ kí àwọn àjọ tó ń kó oúnjẹ wá máa pààrọ̀ owó òkèèrè wọn lọ́dọ̀ yín, ní iye tí ẹ̀yin fi lélẹ̀. Nígbà tí epo lọ tán, ọ̀kan nínú orísun tó kù nìyẹn.

Àwọn tó ṣírò rẹ̀ ní owó yín tó wà nílẹ̀ nígbà tí ogun parí tó mílíọ̀nù 115 sí 140 pọ́ùn, láàárín èèyàn bíi mílíọ̀nù 14. Bí ẹ bá pín in, pọ́ùn mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló kan orí kọ̀ọ̀kan, àtọmọ ọwọ́. Ẹlòmíì ò ní kọ́bọ̀. Ẹlòmíì, gbogbo ohun tó fi ogún ọdún ṣòwò ló wà nínú àpótí kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, 1970, ogún pọ́ùn ni ìjọba fún ẹni tó kó tiẹ̀ wá, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún ló kó wá. Ọmọ tiwa, Awólọ́wọ̀, ló di kálámù yẹn mú. Mi ò lè kọ lẹ́tà yìí kí n fi ìyẹn pamọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ìyá yìí ò kó pọ́ùn kan yẹn mọ́ ti yòókù? Mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé ó kó gbogbo ẹ̀ lọ, tó rọra yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò dé ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀. Ó fẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ó bímọ síbí, ó ń sọ Yorùbá ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, odidi ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń dá owó lọ́wọ́ mi lóṣooṣù. Kò fẹnu kàn án rí.

Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ dìde. Ẹ di mínísítà lábẹ́ Shagari, sáyẹ́ǹsì lákọ̀ọ́kọ́, kó tó kan ètò ẹ̀kọ́. Ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, 1993, ẹ̀yin ni igbákejì Tofa, olùdíje ẹgbẹ́ NRC, nínú ìdìbò ààrẹ. Níbí, ẹṣin, àmì ẹgbẹ́ SDP ti Abíọ́lá, la dìbò fún. Inú mi dùn pé ogun ò jẹ yín run. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ sí owó ń rí ipò mìíràn dì mú, ẹni tó gba ìfọwọ́sí náà gbọ́ ń ká a sí mẹ́rin. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Oṣù Kìíní náà tún ni, ní 2023, tí wọ́n ní kí náírà àtijọ́ ó kú. Ìyá yìí tò sórí ìlà níwájú báńkì láti ìdájí, àpò rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Bóyá ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni.

Èmi ni mo ń fọwọ́ sí ìwé tiwa. Ìrínwó ẹgbẹ̀rún náírà tí ìyá náà ti kó jọ ní 2015 tó ra nǹkan bí ogójì àpò ìrẹsì nígbà yẹn. Lónìí, kò lè ra ìdajì ìyẹn mọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bi mí bóyá kí a máa fi dọ́là pamọ́, mi ò rí èsì gidi fún wọn, mo ṣì ń gba owó wọn.

Ọjọ́ Ẹtì làwọn ọmọ rẹ̀ ń padà bọ̀. Mo ti kọ iye náírà sínú ìwé, mo ti fọwọ́ sí i. Mo fa ìlà kan sí abẹ́ rẹ̀ fún pọ́ùn yín, mi ò tíì kọ nǹkan kan sí i.